Orúkọ Kan, Ẹja Mẹ́ta: Ewu Tí Ó Wà Nínú Kíka Àwọn Kúrókà Òkun Wa Pọ̀ Mọ́ Ara Wọn

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2026, àdéhùn àgbáyé tuntun kan lórí òkun gba agbára òfin. Ìlú New York ni àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fẹnu kò lé e lórí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ṣùgbọ́n kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí orílẹ̀-èdè 60 yóò fi so ara wọn mọ́ ọn. Iye náà pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Àdéhùn yìí dá lórí ibú òkun tí kò sí lábẹ́ àkóso orílẹ̀-èdè kankan, èyí tí ó tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo òkun ayé. Lára ohun tí ó gbé kalẹ̀ ni pé àbùdá àjogúnbá àwọn ẹ̀dá inú ibú náà jẹ́ ọrọ̀, àti pé àǹfààní tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ kan orílẹ̀-èdè ńlá àti kékeré.

Ẹni tí ó ń ra ẹja ní Mákòókò, ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Àgbádárìgì lè béèrè pé kí ni èyí kan òun. Ibú òkun jìnnà sí ìkòkò ọbẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ó wà nídìí àdéhùn náà ti wọ inú apẹ̀rẹ̀ ẹja wa. Kí ni ó mú kí ẹja méjì tí ó jọ ara wọn jẹ́ ẹ̀yà méjì? Kí ni a ó sì pàdánù bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ, nígbà tí ìkejì ṣì wà lórí àtẹ? Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ni yóò sọ bóyá àwọn ọmọ wa yóò mọ ẹja tí àwa mọ̀.

Orúkọ tí ọjà mọ̀, ẹ̀yà tí òkun mọ̀

Ẹ jẹ́ kí á mú kúrókà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Kò sí ilé oúnjẹ tí ó lórúkọ ní Èkó tí a kì í ti í dín in tàbí sè é lọ́bẹ̀ ata. Ẹni tí ó bá ti jẹ orí rẹ̀ rí yóò ti bá òkúta funfun méjì pàdé nínú agbárí rẹ̀. Òkúta etí ni wọ́n. Wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ láti gbọ́ ohùn àti láti mọ ìdúró ara rẹ̀ nínú omi. Bí a bá gé òkúta náà, a lè ka ọjọ́ orí ẹja lára rẹ̀, bí ẹni tí ó ń ka òrùka inú ìtì igi.

Ohun tí ọjà ń pè ní kúrókà kì í ṣe ẹja kan ṣoṣo. Ó kéré tán, ẹ̀yà mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́ ni ó wà ní etíkun wa. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún wọn ni Pseudotolithus senegalensis, Pseudotolithus typus àti Pseudotolithus elongatus. Èyí elongatus fẹ́ràn omi tí iyọ̀ àti omi odò pò pọ̀, ìyẹn ẹnu odò àti ọ̀sà. Èyí senegalensis, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ gbáàgúdá pè, ń gbé inú òkun gan-an, lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ àti iyanrìn tí kò jìnnà sí etídò. Èyí typus náà fẹ́ràn ilẹ̀ ẹrẹ̀, a sì máa bá wọn pàdé pọ̀ nínú àwọ̀n kan náà.

Apẹja tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún lórí omi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Yóò wo bí ara ẹja ṣe rí, yóò wo bí ẹ̀gún abẹ́ rẹ̀ ṣe gùn tó, yóò sì mọ èyí tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá ti kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ náà dúró sí etídò. Alágbàtà ń fi ìwọ̀n ara yà wọ́n: ńlá, kékeré, àárín. Akọ̀wé tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ kọ orúkọ kan. Àní nínú ìwé ìṣirò Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Lágbàáyé, FAO, ìsọ̀rí kan wà tí wọ́n kó gbogbo kúrókà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a kò yà sọ́tọ̀ sí.

Kí ni ó burú nínú èyí? Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ohun àdáyébá, IUCN, gbé àbájáde àyẹ̀wò kan jáde lórí àwọn ẹja eléegun inú òkun tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà. Ẹ̀yà 1,288 ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé 37 nínú wọn wà nínú ewu ìparun, 14 mìíràn sì ti súnmọ́ ewu náà. Pseudotolithus senegalensis wà lára àwọn tí ewu ti dé bá, nítorí àpẹjù. Sardinella maderensis, ọ̀kan lára àwọn ẹja tí a ń pè ní ṣawa, náà wà nínú ìwé ewu. Wọn kò fi ìdájọ́ kan náà dá gbogbo ẹbí kúrókà o. Ìka kò dọ́gba: ohun tí ó dé bá ọ̀kan nínú wọn kò dé bá èkejì lọ́nà kan náà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan láti fi ṣe àpèjúwe. Ká ní apẹ̀rẹ̀ 100 ni ó ń wọ etídò kan lọ́dọọdún, tí 60 jẹ́ ti ẹ̀yà kìíní, tí 40 sì jẹ́ ti ẹ̀yà kejì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, apẹ̀rẹ̀ 100 náà ṣì ń wọlé, ṣùgbọ́n 5 péré ni ó jẹ́ ti ẹ̀yà kìíní, 95 sì jẹ́ ti èkejì. Ìwé tí ó kọ "kúrókà, 100" ní ọdún àkọ́kọ́ yóò kọ "kúrókà, 100" ní ọdún kẹwàá. Lójú ìwé, àlàáfíà ni. Nínú omi, ilé kan ti ń di ahoro.

Ààlà tí ojú kò rí

Ẹnìkan lè sọ pé bí ọ̀kan bá dín kù, ìbátan rẹ̀ yóò bí ọmọ dí àyè náà. Ibi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ohun tí ó sọ ẹ̀yà di ẹ̀yà ni pé àwọn ọmọ inú rẹ̀ ń bá ara wọn bímọ, wọn kì í sì í bá ẹ̀yà mìíràn bímọ, tàbí kí ó jẹ́ pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Òkun kò ní ògiri, kò sì ní ọgbà; ẹyin àti ọmọ ẹja lè bá ìgbì omi lọ sí ọ̀nà jíjìn. Síbẹ̀, ààlà wà láàárín ìbátan àti ìbátan, ó sì le ju ògiri lọ.

Ààlà kìíní ni àkókò. Nínú òkun Karibéánì, iyùn mẹ́ta kan wà tí wọ́n jọ ara wọn débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹyọ kan ni àwọn onímọ̀ kà wọ́n sí. Alẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú ni gbogbo wọn ń tú ẹyin àti àtọ̀ wọn sínú omi. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń pè ní Orbicella franksi máa ń ṣáájú àwọn méjì yòókù pẹ̀lú bíi wákàtí kan àbọ̀ sí méjì. Kí àwọn tó kù tó dé, omi ti gbé tirẹ̀ lọ. Ẹ fi wé ọjà àtijọ́. Bí ẹnìkan bá ń ná Ọjọ́ Ajé, tí ẹnìkejì ń ná Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n lè jọ wà ní ìlú kan títí ayé láìpàdé nídìí àtẹ.

Ààlà kejì ni ìpè. Ẹbí kúrókà ni ó fi èyí hàn jù, òun ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì ti wá. Àpò afẹ́fẹ́ kan wà nínú ikùn ẹja náà, iṣan kan sì so mọ́ ọn tí ó ń gbọ̀n ọ́n bí ọ̀pá ìlù ti ń gbọ́n awọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà inú ẹbí yìí, akọ ni ó ń lu ìlù náà ní àkókò ìbísí láti fi pe abo. Bí ẹ̀yà kan ṣe ń lù ú yàtọ̀ sí ti ẹ̀yà mìíràn. Àwa tí a bí sí ilẹ̀ tí dùndún ti ń sọ̀rọ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀: ariwo ni àlejò ń gbọ́, ọmọ ilé ni ó ń gbọ́ oríkì baba rẹ̀.

Ààlà kẹta wà lára ẹyin fúnra rẹ̀. Láàárín àwọn ẹ̀dá ẹlẹ́gùn-ún inú òkun tí a ń pè ní Echinometra, èròjà kan wà ní orí àtọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ bí kọ́kọ́rọ́, ara ẹyin sì ni ihò àgádágodo. Bí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yà kan bá kan àgádágodo ẹ̀yà mìíràn, ó ṣòro kí ilẹ̀kùn ṣí.

Báwo ni irú ààlà báyìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ilẹ̀ Panama dáhùn apá kan. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ tóóró tí ó so Amẹ́ríkà Àríwá mọ́ ti Gúúsù dí ọ̀nà omi tí ó wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì àti Pàsífíìkì. Àwọn edé tí ó jẹ́ ìdílé kan náà bá ara wọn ní apá méjì. Ní ọdún 1993, Nancy Knowlton àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde lórí orísìí méje irú edé bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń fi èékánná wọn dún bí ìbọn kékeré. Wọ́n kó akọ láti apá kan pọ̀ mọ́ abo láti apá kejì. Ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ láàárín wọn, ṣùgbọ́n ìjà ni wọ́n sábà máa ń bá ara wọn jà, díẹ̀ péré nínú wọn ni ó sì so èso. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan tẹ́lẹ̀ ti di àjèjì. Ilẹ̀ ìbá tilẹ̀ ṣí lónìí, omi yóò pàdé, ṣùgbọ́n ìdílé kò ní pàdé mọ́.

Nítorí náà, bí kúrókà senegalensis bá tán ní etíkun wa, kúrókà typus kò lè bí i padà. Ó lè gba ibùgbé rẹ̀, ó lè jẹ oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè di òun.

Ẹ̀kọ́ láti òkun Yúróòpù

Kí a má baà rò pé àròsọ ni èyí, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ibi tí ìwé àti akọ̀wé kò wọ́n. Ẹja pẹlẹbẹ ńlá kan wà ní òkun tí ó yí Bìrìtìkó àti Faransé ká, tí ara rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ, tí ìrù rẹ̀ sì gùn. Nígbà kan rí, ó pọ̀ débi pé orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un fi í hàn bí ohun tí kò wọ́n rárá. Láyé àtijọ́, àwọn onímọ̀ kan ti fura pé ẹ̀yà méjì ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1926, ìwé kan tí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Clark kọ dà wọ́n pọ̀ sí abẹ́ orúkọ kan, Dipturus batis. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún tí orúkọ kan náà fi wà nínú ìwé.

Láàárín àkókò yẹn, ẹja náà ń dín kù. Ní ọdún 2006, IUCN kọ ọ́ sí ìsọ̀rí ewu tí ó ga jù lọ. Lẹ́yìn náà, láàárín ọdún 2009 sí 2010, Samuel Iglésias àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé, àti àwọn olùwádìí mìíràn ní Bìrìtìkó, fi àbùdá àjogúnbá àti àyẹ̀wò ara fi hàn pé ẹ̀yà méjì ni lóòótọ́. Ọ̀kan kéré, kò sábà gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Èkejì, tí a ń pè ní Dipturus intermedius lónìí, ń gùn ju mítà méjì lọ, ó sì máa ń pẹ́ gan-an kí ó tó dàgbà tó ẹni tí ń bímọ.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹja tí ó tètè ń dàgbà lè fara da àwọ̀n fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí ó pẹ́ kí ó tó bímọ ni àwọ̀n ń mú kí ó tó fi ọmọ sílẹ̀. Nígbà tí a bá ka méjèèjì pọ̀, ẹni kékeré ń fi iye tirẹ̀ bo òfò ẹni ńlá. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú ìwé náà. Gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé orúkọ kan ru ẹrù ẹni méjì, òfin tí a sì gbé ka orí rẹ̀ kò lè mọ èyí tí ó ń kú. Ká tó rí erin, ó di igbó. Ká tó rí ẹfọ̀n, ó di ọ̀dàn.

Ọrọ̀ tí ó wà nínú ìyàtọ̀

Ààlà láàárín ẹ̀yà jẹ́ apá kan ọ̀rọ̀ náà. Apá kejì ni ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ẹ̀yà kan ṣoṣo. Nínú ìdílé kan, ọmọ kan lè fara da òtútù, òmíràn lè fara da ebi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja. Àbùdá àjogúnbá tí ó yàtọ̀ láti ara ẹja kan sí òmíràn ni ó ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn yè nígbà tí omi bá gbóná, tí iyọ̀ bá dín, tàbí tí àrùn bá dé. Bí a bá ti pa àwọn ẹja ńlá àti àgbà tán, kì í ṣe iye nìkan ni a dín kù. A ti jó apá kan nínú ilé ìṣúra náà.

Ẹ̀rí tí ó dára jù lọ tí a ní lórí èyí ti Alaska wá, ní Bristol Bay, níbi tí ẹja sálímọ́ọ̀nù ti ń ti òkun padà sínú odò láti bímọ. Ẹ̀yà kan ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún agbo-ilé ni ó ní, tí olúkúlùkù ń padà sí odò tirẹ̀ ní àkókò tirẹ̀. Ní ọdún 2010, Daniel Schindler àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ. Wọ́n rí i pé bí kò bá sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn agbo-ilé wọ̀nyí, ìgbà tí ìjọba yóò ní láti ti iṣẹ́ ẹja pípa pa nítorí àìtó ẹja ì bá fi ìlọ́po mẹ́wàá ju bí ó ti rí lọ. Ohun tí ìyá ọlọ́jà mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni: ẹni tí ó ní iṣu, tí ó ní àgbàdo, tí ó tún ní ẹ̀wà nínú àká kì í sunkún bí ọ̀kan nínú wọn kò bá ṣe dáadáa.

Èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ so pọ̀

Ó yẹ kí á fi ojú sí ibi tí àwa fúnra wa ti ń wó ààlà yìí. Ọ̀pọ̀ ará ìpínlẹ̀ yìí ni ó ń sin ẹja àrọ̀. Lára ohun tí wọ́n ń sìn ni èyí tí wọ́n ń pè ní heteroclarias, ọmọ tí a rí nígbà tí a fi ọwọ́ tẹ ẹyin jáde lára abo Clarias, tí a sì da àtọ̀ akọ Heterobranchus lé e. Ẹja odò ni wọ́n, wọn kì í ṣe ti òkun, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Nínú odò, ìwà àti àkókò ni ó ń ya àwọn méjèèjì nípá. Nínú ọ̀pọ́n ilé ìpa-ẹyin, abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé ààlà náà kúrò.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú sísin irú ẹja bẹ́ẹ̀. Ó ń yára dàgbà, ó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ewu wà níbi tí àgbàrá òjò bá ti wó etí adágún, tí ẹja náà sì bọ́ sínú odò àti ọ̀sà. Bí ó bá bá ẹja ìbílẹ̀ pọ̀, àbùdá tí odò ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣà jọ lè dàrú, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣà á padà. Nítorí náà, ẹni tí adágún rẹ̀ wà ní ilẹ̀ tí omi máa ń bo gbọ́dọ̀ gbé etí rẹ̀ ga, kí ó sì fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ wẹ́ bo ojú ìdà-omi.

Agbára òfin, àti ibi tí ó mọ

Ó ṣe pàtàkì kí ará ìlú mọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ wo. Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ẹja pípa nínú òkun sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ní ìlà 29 nínú ìwé àwọn iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ìlà kan náà yọ odò, adágún, ipa omi àti àwọn omi inú ilẹ̀ sílẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ ajé inú omi. Òfin ẹja òkun ti ọdún 1992 sì ti ka á léèwọ̀ fún ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ láti ṣiṣẹ́ láàárín máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ sí etídò.

Kúrókà kò mọ ìlà tí a fà sínú ìwé. Ọ̀sà Èkó ń kún fún omi odò nígbà òjò, ó sì ń gba iyọ̀ òkun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú àyípadà yẹn ni kúrókà elongatus ti ń rí ilé. Igi ẹ̀gbà tí a gé, ìdọ̀tí tí a dà, iyanrìn tí a wà láìwo ibi tí ọmọ ẹja ń gbé, gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀kùn wa, kò sì sí òfin ibú òkun tí yóò bá wa tún un ṣe. Ẹ̀yà kan nínú mẹ́ta wà ní àrọ́wọ́tó wa gan-an. Àwọn méjì yòókù nílò kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ jọ máa ka ìwé kan náà.

Òfin tí ó tọ́ sì nílò ìwé tí ó tọ́. Bí òfin bá fi ìwọ̀n kan ṣoṣo sí ojú àwọ̀n, ẹ̀yà tí ó pẹ́ kí ó tó bímọ ni yóò jìyà jù. Bí a bá ní kí á sinmi ẹja pípa ní àkókò ìbísí, ìbísí ti ta ni? Àkókò ẹ̀yà kan lè má jẹ́ àkókò èkejì. Láìmọ orúkọ, kò sí bí a ṣe lè mọ àkókò.

Ohun tí ó ṣeé ṣe

Ìmọ̀ tí a nílò kò jìnnà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí òkun ti orílẹ̀-èdè yìí, NIOMR, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà ní Victoria Island níhìn-ín. Yunifásítì Èkó ní ẹ̀ka tí ń kọ́ ìmọ̀ òkun. Ní ọdún 2003, Paul Hebert àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà dábàá ọ̀nà kan tí a ó fi máa ka abala kékeré kan nínú DNA, bíi lẹ́tà 650, láti fi dá ẹ̀yà mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlà ojú ti ń fi ìran ẹni hàn láyé àtijọ́. Pẹ̀lú ègé ẹran kékeré, a lè mọ ẹja tí orí àti ìrù rẹ̀ kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ibi tí ó mọ: ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni abala náà ti ń wá, nítorí náà kò lè fi ọmọ tí ẹ̀yà méjì bí pọ̀ hàn fúnra rẹ̀. A ní láti fi ojú apẹja kún un, kí á sì fi òkúta etí kún un.

Kì í ṣe gbogbo etídò ni ó nílò ẹ̀rọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ ni ìwé àkọsílẹ̀ tí ó ní ìlà mẹ́ta dípò ìlà kan. Kí akọ̀wé jókòó ti apẹja kí ẹja tó wọ apẹ̀rẹ̀, kí ó sì béèrè orúkọ tí àwọn ará Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn àti Àwórì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ìmọ̀ tí ó wà nínú orúkọ wọ̀nyẹn ti ṣáájú ìwé. Kí a fi àwòrán ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kó òkúta etí ẹja jọ láti ibi ìdáná, kí wọ́n wọ̀n wọ́n, kí wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀; ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹni tí ń rà náà ni iṣẹ́ kù sí. Bí ẹ bá dé ìdí àtẹ, ẹ béèrè pé, "Ìyá, kúrókà wo nìyí?" Bí ẹja kékeré tí kò tíì bímọ bá kún àtẹ, ẹ mọ̀ pé ọdún tí ń bọ̀ ni a ń tà lónìí. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, bí ẹ bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ lè pe owó ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti tọ́, àkọsílẹ̀ yín yóò sì di ẹ̀rí tí ilé ìwádìí kankan kò lè fi owó rà.

Àdéhùn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ń sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀ tí ó wà nínú ibú tí ọ̀pọ̀ wa kò ní fojú rí láéláé. Ìpínlẹ̀ wa ní etíkun tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 180, irú ọrọ̀ kan náà sì ń wọ ọ̀dọ̀ wa láràárọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, a kò ní mọ ọjọ́ tí ó lọ. Kúrókà mẹ́ta ni ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí á kà wọ́n sí mẹ́ta nígbà tí wọ́n ṣì pé.